Ẹ̀wù Tí Mo Rán fún Agolo Mílíìkì

Bí ẹ bá dé Kàbàwá ní Lọ́kọ́jà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìyàwó Àlàbí télọ̀ ń sin pẹ́pẹ́yẹ sínú àpótí, ẹ má dá a lóhùn. Èmi ni Àlàbí ọ̀hún, kò sì sí pẹ́pẹ́yẹ kankan nílé mi. Rédíò ni. Rédíò àtijọ́ tí bàbá ìyàwó mi fi sílẹ̀ ni, èyí tó wúwo débi pé èèyàn méjì ló ń gbé e. Inú rẹ̀ kún fún àwọn gílóòbù kéékèèké tó máa ń pọ́n yòò bí wọ́n bá ti gbóná. Àwọn tó gbọ́ ohùn tó ń ti inú rẹ̀ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ló sọ ọ́ di pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní àlùjọ̀nnú ni. Àwọn ará àdúgbò wa, ẹnu wọn kì í sinmi.

Ṣàmsíátù ni ìyàwó mi ń jẹ́. Kàbàwá níbí ni wọ́n bí i sí. Òwò ló gbé àwọn bàbá bàbá rẹ̀ wá láti Ìlọrin, Lọ́kọ́jà dùn mọ́ wọn, wọn kò padà mọ́. Fóònù ló ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ níwájú ilé wa, pákó lásán ló wà láàrin wa. Bí mo bá ń ránṣọ níhìn-ín, òun á máa yọ́ lẹ́ẹ̀dì tó fi ń so wáyà pọ̀ lọ́hùn-ún, èéfín rẹ̀ á sì máa gba ojú pákó wọlé sára aṣọ oníbàárà mi. Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí, ó ti sú mi.

Ọmọ atúnrédíò-ṣe ni, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kò lè rí nǹkan tó dákẹ́ kó má fẹ́ mọ ohun tó pa á lẹ́nu mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá kí ìyá mi, nígbà tí a ṣì ń fẹ́ra, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó wá gbójú sókè, ó ní, "Mà, fáànù yín ń ráhùn." Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àfẹ́sọ́nà mi ti gun àga, ó ti ń tú fáànù. Ìyá mi fà mí wọ yàrá, wọ́n ní kí n tètè fẹ́ ẹ kí ẹlòmíràn tó gbé e lọ. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. N kò kábàámọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ń dún nílé mi tí kò tíì tú rí.

Ìyá rẹ̀, Màmá Jẹ̀mílátù, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Omíyalé ló lé wọn kúrò nílé wọn létí odò. Omi gbé bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àpótí aṣọ, ó gbé fóònù Màmá tòun ti gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀. Rédíò nìkan ló bọ́, nítorí pé orí àjà ni bàbá gbé e sí kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà tó o. Ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ Uwais ni.

Uwais ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Màmá bí, àbúrò ìyàwó mi. Rédíò yìí kan náà ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin òun àti bàbá rẹ̀. Uwais tú u láìgbàṣẹ, gílóòbù kan fọ́, bàbá ní kó jáde nílé òun. Inú ló bí bàbá, kò rò pé ọmọ náà á lọ lóòótọ́. Ó lọ. Kánò ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ó di Líbíyà, a wá gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan pé ó ti sọdá òkun. Láti ìgbà náà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá kú, kò sí ẹni tó mọ ibi tí a ó ránṣẹ́ sí.

Màmá kò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, wọn kì í lè dá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bí a bá gbé oúnjẹ fún wọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Àlàbí, ṣé Uwais wà láyé?" Kí ni kí n wí? Mo máa ń ní, "Ó wà, Màmá." Wọ́n á ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Màá sún abọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ nìkan làwọn fẹ́ gbọ́ káwọn tó lọ, kò sí nǹkan mìíràn táwọn ń wá láyé yìí mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn kí Nehemiah tó gbé ṣòkòtò wá kí n bá a ká etí rẹ̀. Ọmọ Oworo ni Nehemiah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àdúgbò Crusher ló ń gbé. Tíṣà náà ni gbogbo wa ń pè é. Ó wà lára àwọn tó gba ìwé àṣẹ ìjọba láti máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ káàkiri ayé. Kì í ṣe iṣẹ́, wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

"Òkun o, Àlàbí," ló fi kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wọn.

"Òkun o, Tíṣà. Ẹ jókòó."

Ó jókòó, ó ń ráhùn pé àrá ti jó rédíò òun. Ó ní ohun tó dun òun jù ni àwọn ọmọ Yorùbá méjì kan tóun máa ń gbọ́ lórí afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn. Èkejì ń fi Núpé àti Hausa há Yorùbá rẹ̀ bí àwa ará ibí ṣe máa ń ṣe, ó sì ní etí ibi tí odò méjì ti pàdé lòun ti dàgbà.

"Kí ni wọ́n ń pè é?" Ohùn ìyàwó mi ló ti ẹ̀yìn pákó wá.

"Uwais," ni Tíṣà wí.

Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣàmsíátù ti yọ sí wa, irin tó fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì ṣì ń rú èéfín lọ́wọ́ rẹ̀. "Tíṣà, ẹ tún un sọ."

Tíṣà tún un sọ. Ó wá ṣàlàyé pé gbogbo ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ló ní orúkọ kan tí wọ́n fi lẹ́tà àti nọ́ńbà ṣe, bíi nọ́ńbà ara mọ́tò. Bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n, yóò rí bí yóò ṣe kàn sí onítọ̀hún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Èwo wá ni ti Uwais?" Tíṣà mi orí. Ó ní òun kò kọ ọ́ sílẹ̀, ta ló mọ̀ pé yóò wúlò? Inú bí mi sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣẹ̀ mí ní ohun kan. Ohun tó kù fún wa kò díjú: kí a gbọ́ Uwais fúnra wa, kí a sì mú nọ́ńbà rẹ̀.

Bí rédíò ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí àjà ilé wa nìyẹn. Ṣàmsíátù nù ún, ó pààrọ̀ wáyà tó ti rà, ó tàn án. Nígbà tí àwọn gílóòbù gbóná tán, a gbọ́ iléeṣẹ́ rédíò China, a gbọ́ ẹni tó ń ké Kùránì, orí mi wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tíṣà yí i dé ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, pẹ́pẹ́yẹ ni. Wàkù-wàkù-wàkù. Pẹ́pẹ́yẹ ńlá, pẹ́pẹ́yẹ kékeré, gbogbo wọn ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣàmsíátù kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ etí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó.

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń dún báyìí?" ló bi Tíṣà.

Tíṣà ní àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ máa ń gé apá kan kúrò lára ohùn wọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kó lè rìn jìnnà. Rédíò òde òní ló máa ń dá ohun tí wọ́n gé padà síbẹ̀. Ti bàbá kò ní nǹkan yẹn nínú, wọn kò ṣe é mọ́ ọn.

"Èmi á ṣe é fún un," ni ìyàwó mi wí. Mo mọ ojú yẹn. Ojú fáànù ìyá mi ni.

Ẹ wá wo ìyà tó jẹ mí lẹ́yìn ìyẹn! Ó na wáyà gígùn kan láti orí òrùlé wa dé orí igi máńgòrò ilé kejì, kí rédíò lè gbọ́ràn dáadáa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, obìnrin Igala kan ládùúgbò ti sá ìró méjì àti aṣọ ọmọ sí i. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ kó kó wọn kúrò, ó sì fi Pijin bú mi pé ìgbà wo ni afẹ́fẹ́ di ti bàbá mi. Kò tán síbẹ̀. Rọ́ọ̀lù òwú mi bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Mo rò pé eku ni, àfi ìgbà tí mo yọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí mo rí i tó ń ká wáyà bàbà tó tú lára fáànù tó jó mọ́ àwọn rọ́ọ̀lù náà lára, ó ká a ṣíkẹ́ṣíkẹ́ bí ẹni ń dirun.

"Ìyá Huda, òwú ṣì wà lára èyí!" Huda ni ọmọbìnrin wa tó wà ní yunifásítì.

"Bàbá Huda, ẹ má bínú. Mo tú òwú yẹn sínú ọ̀rá fún yín." Ó tú u lóòótọ́. Ẹ ò bá rí bó ṣe lọ́ mọ́ra.

Inú agolo mílíìkì ńlá kan ló kó rọ́ọ̀lù náà sí, ó so wáyà jáde lára rẹ̀, ó wá gbé ọ̀kan nínú àwọn gílóòbù tí bàbá rẹ̀ pamọ́ jókòó sórí agolo bí fìlà. Bọ́tìnnì kan wà níwájú tó ń yí. Ìyẹn ni ohun tó máa dá ohùn padà di ti èèyàn. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ó tàn án, ó ń yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ náà kọ́kọ́ tínrín bí ohùn ọmọ ọwọ́, ó wá nípọn bíi ti ẹni tó korí bọ inú àmù, lójijì ó di ọkùnrin kan tó ń fi Faransé sọ̀rọ̀, geere, bí ẹni pé inú yàrá ló wà.

"Sùbúhánálàhì!" Èmi ni mo pariwo. Ṣàmsíátù ti fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún yí i padà di pẹ́pẹ́yẹ, ó tún yí i di èèyàn. Ó ń ṣe é ṣáá. Mo ní ó tó báyìí, ó ní kí n wá gbìyànjú rẹ̀ wò. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi lọ́wọ́, oúnjẹ tutù sílẹ̀ fún àwa méjèèjì.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, ìyàwó mi ní n kò gbọdọ̀ tan máṣíìnì mi torí pé iná inú rẹ̀ ń ba rédíò létí jẹ́. Mo ní aṣọ ìsọmọlórúkọ wà lọ́wọ́ mi. Ó yọ wáyà máṣíìnì lára iná. A gbé Màmá jókòó sínú àga, Tíṣà dé, mo ṣí fóònù mi kí n lè gba ohùn náà sílẹ̀, Ṣàmsíátù ń yí agolo. Afẹ́fẹ́ láti odò ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ariwo pọ̀ gan-an. Ará Ìbàdàn ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn kejì wá, ó tínrín díẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀.

"Uwais ni," ni Màmá wí. Wọn kò ké, wọn kò pariwo. Wọ́n di apá àga mú.

A kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. A gbọ́ "Júlíẹ́ẹ̀tì." Màmá yíjú sí mi kíákíá: "Ta ni Júlíẹ́ẹ̀tì? Ṣé ìyàwó tó fẹ́ nìyẹn?" Tíṣà ní rárá, lẹ́tà ni, bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí afẹ́fẹ́ nìyẹn, òun ló kẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀. Ariwo ti gbé èyí tó kù lọ. A gbọ́ "Lọ́kọ́jà." A gbọ́ nǹkan kan nípa ilé. Ohùn náà wá lé téńté, ó ní:

"...ìyá mi ló kú..."

Ariwo bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣàmsíátù yí agolo títí, kò rí ohùn náà mú mọ́. Màmá fi apá àga sílẹ̀. "Ó ti sin mí," ni wọ́n wí. "Wọ́n ti purọ́ ikú mi fún un. Ìdí nìyẹn tí kò fi wá mi." Wọ́n ní kí a gbé àwọn wọlé. Wọn kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ ní ọjọ́ kejì, àfi omi. Wọn kò tún béèrè mọ́ bóyá Uwais wà láyé. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ẹni tó ń béèrè nǹkan ṣì ń retí nǹkan.

Ṣàmsíátù gba fóònù mi, ó ń gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ, ó ń tún un gbọ́. Gbogbo ìgbà ni ohùn yẹn ń gba ojú pákó wá bá mi: ìyá mi ló kú, ìyá mi ló kú. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo fìbínú dìde, mo lọ bá a.

"Pa á, Ìyá Huda! Ṣé o fẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ pa ara wọn ni?"

"Ẹ gbọ́ ibí yìí, Bàbá Huda. Ẹ fọkàn sí bó ṣe pe ìlú wa."

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́. Mo ní kó tún un tẹ̀. Èèyàn wo ló ń pe Lọ́kọ́jà báyẹn? "Lọ́kọ́já" ló ń dún! Ọmọ tí wọ́n bí sí Kàbàwá, tó wẹ̀ nínú odò yìí dàgbà, òun ló ń pe orúkọ ìlú rẹ̀ bí òyìnbó?

"Uwais kọ́ ló pè é bẹ́ẹ̀," ni Ṣàmsíátù wí. Ojú rẹ̀ ti ń dán. "Agolo mi ni. Mo rí i bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ mi lánàá, mo ń lé e, n kò bá a. Ohùn ìsàlẹ̀ ti gòkè. Bí jà bá lè di já..."

Mo parí rẹ̀ fún un. "Kù lè di kú."

Ìyá mi ló kù. Yéè! Ìyá mi ló ṣẹ́kù. Mo fẹ́ sáré wọlé lọ sọ fún Màmá, Ṣàmsíátù fà mí láṣọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti kúrò nílẹ̀. Màmá gbọ́ mi tán, wọ́n kọjú sí ògiri. "Àlàbí, má tàn mí," ni wọ́n wí. "Ohun tí mo fi etí mi gbọ́ ni mo mọ̀." Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò jẹ̀bi, àbá lásán ni tiwa náà, ó sì lè jẹ́ pé kú ló sọ ní tòótọ́.

Ìyàwó mi wádìí ohun tó ń mú ohùn gòkè. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí agolo, ohùn yí padà. Ó gbọ́wọ́ lé e kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tún yí padà. Afẹ́fẹ́ odò tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé ló ń bá a ṣeré. Bó bá ti tutù díẹ̀ tàbí tó gbóná díẹ̀, agolo kì í dúró lójú kan. Ó yíjú sí mi, ó fi ohùn tó máa ń lò bó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi pè mí.

"Bàbá Huda mi, òtútù ń mú agolo yìí. Ẹ bá mi rán ẹ̀wù fún un."

Mo ti rán agbádá fún kọmíṣọ́nà. Mo ti rán kóòtù fún bíṣọ́ọ̀bù. Wàláhì, n kò rán ẹ̀wù fún agolo mílíìkì rí! Mo ráhùn, mo ní ayé mi ti bàjẹ́, mo sì mú téèpù, mo wọn ìbàdí agolo. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣe inú rẹ̀, mo fi fóòmù sáàrin, mo fi àjẹkù gínì aláwọ̀ búlúù ṣe ìta. Mo jẹ́ kí gílóòbù yọrí síta kí ooru má baà pa á. Ojú bọ́tìnnì kan ni mo ṣí síwájú, mo fi òwú dè é yíká dáadáa, kí ohun tí ó ń yí lè gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ fún un, ó bá a mu wẹ́kú. Ṣàmsíátù gbá mi mọ́ra lójú oníbàárà, ìtìjú fẹ́ pa mí.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú tún dé, láti ìyálẹ̀ta ni rédíò àti agolo ti wà lórí iná kí ara wọn lè balẹ̀. A ti ilẹ̀kùn. Màmá kọ̀, wọn kò jáde. Ṣàmsíátù ní kí a ṣí ilẹ̀kùn yàrá wọn sílẹ̀ lásán, wọn kò sọ pé ká má ṣí i. Èmi dúró ti tábìlì ìgéṣọ, mo mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Ará Ìbàdàn ló kọ́kọ́ wọlé: "Uwais, báwo ni Lọ́kọ́jà?" Ṣàmsíátù fi ìka méjì yí bọ́tìnnì láti ojú ihò tí mo ṣí. Lọ́kọ́já. Ó rọra yí i padà. Uwais dáhùn pé òun kò mọ̀ bí Lọ́kọ́jà ṣe wà, ó ti pẹ́. Lọ́kọ́jà! Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́, bí a ṣe ń pè é lójoojúmọ́ ayé wa. Ìyàwó mi gbọ́wọ́ kúrò. Agolo kò mira, inú ẹ̀wù rẹ̀ ló jókòó sí bí alhaji.

Lẹ́yìn náà ni Uwais wá pe nọ́ńbà ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, Júlíẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn lóòótọ́. Tíṣà ń túmọ̀, èmi ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára aṣọ dúdú oníbàárà kan. Bí ó bá fẹ́, kó bínú. Tíṣà ti ń tẹ fóònù rẹ̀ kí n tó kọ ọ́ tán. Íńtánẹ́ẹ̀tì fi hàn pé Pọtogí ni Uwais wà. Nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀.

Ṣàmsíátù pè é. Ó dún, ó dún, ẹnìkan gbé e.

"Uwais, Ṣàmsíátù ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

Ẹkún ọkùnrin ni a gbọ́. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn, pé òun ti pe nọ́ńbà Màmá títí kò wọlé, pé ẹnìkan láti Ìlọrin ló sọ ikú bàbá fóun, pé ojú ló ń ti òun, pé òun ra irú rédíò bàbá síbẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lòun ń tú u tí òun ń tò ó. Ìyàwó mi náà ti ń sunkún. Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni a rí Màmá lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Wọ́n fọwọ́ ti ògiri, wọ́n dá rìn wá. Mo sáré lọ dì wọ́n mú, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù, wọ́n na ọwọ́ sí fóònù.

"Uwais," ni wọ́n wí. "Kí lo sọ nípa mi lórí afẹ́fẹ́ níjọ́sí? Ṣé kú ni, àbí kù?"

"Mọ̀mọ́?" Ohùn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ má jáde. "Mọ̀mọ́, mo ní bàbá ti lọ. Mo ní ẹ̀yin nìkan lẹ kù fún mi."

Màmá mi orí. Wọ́n jókòó sórí àga máṣíìnì mi, wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ẹnu wọn dáadáa, wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ kó má baà ṣì í gbọ́.

"Mo kù, Uwais. Tètè máa bọ̀ wálé. Má jẹ̀ẹ́ kí n kú kí o tó dé."